Owó Àtijọ́ àti Páálí Olójú Ihò

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí léèrè ohun tí n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tí mo sì dáhùn pé lórí owó onírin àtijọ́ àti páálí tí a ń tò ó sí ni, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. N kò bínú. Ẹ̀rín náà ti mọ́ mi lára. Ní Ìkọ̀tún tí mo ń gbé, bí mo bá sọ fún ènìyàn pé mo ń kó owó jọ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn ni pé alájọ ni mí, pé mo máa ń gba owó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ìyá aláta kan tilẹ̀ bi mí léèrè pé, "Tíṣà, èló lẹ ń gbà lóòjọ́, ìgbà wo lẹ sì ń san án padà?" Mo ní, "Ìyá, n kì í san án padà o. Inú páálí ni mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́." Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń fi ojú gbájú-ẹ̀ wò mí.

Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó nídìí. Ohun tí a ń ná ni owó jẹ́ lójú wa. Èyí tí kò bá ti ṣeé ná mọ́ ti di irin lásán, ẹni tí ó bá sì ń tọ́jú irin lásán, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń kó àkìsà jọ. Ìdí nìyí tí onínní, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè tí àwọn òbí wa ná kò fi pọ̀ nílé mọ́. Òmíràn ti bá àwọn tí ń kiri ra irin àlòkù lọ. Òmíràn wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà, lábẹ́ aṣọ òfì. Òmíràn ni a fi ìṣó lu, tí a fi okùn so mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí ni pé páálí tí ènìyàn to owó sí, pẹ̀lú ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i, ìwé ìtàn ni, kì í ṣe àpò owó. Ẹni tí ó bá yọ owó kúrò nínú rẹ̀ láìwo ohun tí ó wà lábẹ́ owó náà, ó ti fa ìwé ìtàn ya. Mo lè sọ èyí pẹ̀lú ìdánilójú nítorí pé èmi pàápàá ti fa ọ̀kan ya.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí páálí náà ti rí, nítorí pé púpọ̀ nínú yín lè má tí ì fojú kàn án. Páálí tí ó nípọn ni, a ká a sí mẹ́ta bí ìwé, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni aláwọ̀ búlúù. Bí a bá ṣí i, a ó rí ihò róbótó-róbótó lẹ́sẹẹsẹ. Ihò kọ̀ọ̀kan ṣe wẹ́kú owó tí a lu ú fún, a sì tẹ ọdún kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọn ihò náà kí owó má baà já bọ́. Ẹni tí ó ni ín yóò máa yẹ gbogbo ṣéńjì tí ó bá gbà wò. Ọjọ́ tí ó bá rí ọdún tí kò tí ì ní, yóò fi àtàǹpàkò tẹ owó náà wọ inú ihò rẹ̀, yóò sì dákẹ́. Kò tún ní ná an mọ́.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú páálí yìí ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1934, nígbà tí ọ̀dá owó mú gbogbo ayé, tí àwọn ọkùnrin alágbára ń jókòó sílé láìníṣẹ́, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ J. K. Post, ní ìlú Neenah ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ṣe pátákó páálí kan, ó lu ihò sí i fún owó sẹ́ǹtì, ọdún dé ọdún. Ilé-iṣẹ́ Whitman tí ó wà ní Racine, ní ìpínlẹ̀ kan náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ ìwé ọmọdé àti nǹkan ìṣeré, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó tà wàràwàrà. Kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ẹni tí kò ní owó tí yóò fi wo sinimá lè jókòó sílé lálẹ́ kí ó máa yẹ sẹ́ǹtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí kò bá tilẹ̀ rí ọdún tí ó ń wá, sẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì. Ayò tí a kì í pa ènìyàn nínú rẹ̀ ni. Ní nǹkan bí 1940 ni R. S. Yeoman, òṣìṣẹ́ Whitman, tún un ṣe di èyí tí ó ṣeé ká, tí ó sì lè dúró láàrin ìwé lórí pẹpẹ. Òun náà ni ó kọ ìwé atọ́nà nípa owó Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1946, tí wọ́n sì ń tún tẹ̀ títí di òní.

Àwọn tí ọwọ́ wọn tó nǹkan kì í ra páálí ní tiwọn. Wayte Raymond, tí ń ta owó àtijọ́ ní New York, ń ta álíbọ́ọ̀mù tí ó níyì ju ìyẹn lọ fún wọn. Ilé-iṣẹ́ Beistle ní Pennsylvania ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀: ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ gaara wà níwájú ihò àti lẹ́yìn rẹ̀, kí a lè rí owó náà ní ojú méjèèjì. Lónìí, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé páálí àti álíbọ́ọ̀mù ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń kó jọ, ìbáà ṣe pẹ̀lú owó tàbí láìsí owó nínú wọn. David W. Lange kọ odidi ìwé kan lórí àwọn pátákó wọ̀nyí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ohun tí mo sọ ni pé àwọn ènìyàn yìí kò níṣẹ́ ṣe. Ìgbà tí mo ba ti ọwọ́ mi jẹ́ tán ni ó tó yé mi.

Láti Amẹ́ríkà ni páálí náà ti dé Ìlú Ọba. Ní àwọn ọdún 1960, Whitman ń ṣe ti kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fi ìtara wá owó sínú rẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba fẹ́ pa ìṣirò ṣílè àti kọ́bọ̀ tì, èyí tí ó ṣẹ ní ọjọ́ 15 oṣù kejì 1971. Àwọn ọmọ wa tí ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà náà kò lè ṣe aláìrí i. Ọ̀kan nínú wọn ra tirẹ̀, ó sì gbé e wá sílé. Olùkọ́ ni, Ìgándò ni ó kọ́lé sí, ó sì ti fẹ̀yìn tì kí n tó mọ̀ ọ́n. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè, ohun tí mo fẹ́ ròyìn kò sì bu iyì fún mi.

Bàbá yìí kò bìkítà fún kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nígbà tí ó dé ilé, ó mú bírò pupa, ó fa igi lé gbogbo ọdún tí àwọn òyìnbó tẹ̀ sí abẹ́ ihò, ó sì kọ ọdún tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti kíyèsí i pé kọ́bọ̀ onihò tí a ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà pẹ̀lú ti Ìlú Ọba, ó sì wọ inú ihò páálí náà dáadáa. Bí ó ṣe gba páálí àwọn òyìnbó, tí ó sọ ọ́ di tiwa nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú inú wo bírò pupa yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí kọ́bọ̀ onihò. Kí ó tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ owó tí alágbàrù ń rù. Ní 1904 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọ Gúúsù Nàìjíríà. Láti 1907 ni owó onírin onihò ti bẹ̀rẹ̀: kọ́bọ̀ àti onínní, èyí tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Alumíníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe onínní. Kò lè gba ìyà ojú ọjọ́ wa, ó ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì yára pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí ihò tí ó wà láàrin rẹ̀, ó ṣeé sín sórí okùn bí owó ẹyọ. Nítorí ihò yìí kan náà, kò sí àyè fún orí ọba. Adé ni ó wà níbẹ̀, àti orúkọ ọba yíká, àti ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ní ojú kejì.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1936, Edward Kẹjọ jọba ní Ìlú Ọba, kò sì pé ọdún kan tí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Wọn kò tí ì kó owó kankan tí ó ní orúkọ rẹ̀ jáde fún àwọn ará ìlú tirẹ̀ kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí owó onihò tiwa kò nílò àwòrán orí rẹ̀, wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ti kó o ránṣẹ́. Ẹ wò ó: ìyá eléwé kan ní ọjà Ìkọ̀tún lè fi kọ́bọ̀ Edward Kẹjọ ṣe ṣéńjì fún oníbàárà rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí irú rẹ̀ ná. Bí mo bá fi kọ́bọ̀ 1936 yìí lé ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́, tí mo bi í pé kí ni ó dé tí ọba yìí kò fi ní owó ní ilẹ̀ ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣílè. Fàdákà ni ó jẹ́ láti 1913, lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, tí fàdákà di ọ̀wọ́n gógó, ní 1920 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní ṣílè onídẹ. Láti 1949, oyè ọba-ńlá Íńdíà kúrò lára owó George Kẹfà, nítorí pé Íńdíà ti gba òmìnira ní 1947. Ta ni ó nílò ìwé ńlá láti mọ̀ pé ìjọba òyìnbó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó wà lára ṣílè?

Gbogbo èyí wà nínú páálí Bàbá. Nígbà tí ó di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá wọn mójú tó o, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n mú un lọ sí ilé-ìwé kí àwọn ọmọ lè rí i. Mo wo páálí náà: àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, etí rẹ̀ ti gbó, ikán ti tọ́ ọ wò ní igun kan, bírò pupa sì wà káàkiri ara rẹ̀ bí ìwé tí olùkọ́ ti fi báálì sí. Mo rò lọ́kàn mi pé ohun iyì bí èyí kò yẹ kí ó wà nínú ẹ̀wù àkísà. Mo lọ sí ọjà, mo ra álíbọ́ọ̀mù oníke tuntun tí ó ń dán, mo fi ọ̀bẹ kékeré yọ àwọn kọ́bọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n sínú àpò ike. Páálí àtijọ́ ni mo jù sínú apótí pàǹtí kíláàsì. Àwọn ọmọ gé e fún iṣẹ́ ọwọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, àkọ́bí Bàbá, obìnrin, wá wo àfihàn náà ní ilé-ìwé. Ó yìn mí. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò títí dé òpin, lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ pé, "Tíṣà, níbo lẹ da àwọn ohun tí Bàbá kọ sábẹ́ owó sí?"

N kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó wá ṣàlàyé pé kí bàbá àwọn tó tẹ owó kankan mọ́ inú ihò, a máa fi pẹ́ńsù kọ ibi tí ó ti rí i, ọjọ́ tí ó rí i, àti ẹni tí ó fún un, sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ìdí ihò náà, tí owó yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, a máa yọ ọ̀kan nínú wọn ní alẹ́, a sì ka ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fún wọn bí àlọ́. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ yọ gbogbo wọn. Mo ti rí ìlà pẹ́ńsù wọ̀nyẹn fírí, mo sì ṣe bí ìdọ̀tí ni.

A wá páálí náà. Awẹ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta ni a rí, lẹ́yìn àpótí ìkẹ́rù, tí ọmọ kan ti gé igun rẹ̀ láti fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ìṣeré. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ nìyí, díẹ̀ nínú rẹ̀: "Ìdímù, lábẹ́ ìkòkò àmù, ìyá àgbà ní kí n má sanwó." Òmíràn: "Ọjà Ìkọ̀tún, 1966, wọ́n fi kún ṣéńjì mi ní àṣìṣe." Òmíràn: "Ẹgbẹ́dá. Ọkùnrin yìí fi sin òkú bàbá rẹ̀, ó ṣẹ́ kù kan." Èyí tí ó dùn mí jù kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ìyá mi." Mo mọ ọdún tí a kọ sí abẹ́ ihò náà. Kọ́bọ̀ tí ó ní ọdún náà sì wà nínú álíbọ́ọ̀mù mi. Ṣùgbọ́n ti awẹ́ méjì yòókù, owó nìkan ni ó kù, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ìyà kan kò tán lórí rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí àwọn kọ́bọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọ̀ ewé nínú álíbọ́ọ̀mù tuntun mi, tí ohun kan tí ń yọ̀ bí ilá sì bo ojú wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè ṣàlàyé rẹ̀ jù mí lọ: ike rírọ̀ tí a ń pè ní PVC, òórùn rẹ̀ ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n, a máa tú èròjà kan jáde bí ó ti ń gbó, pàápàá nínú ooru àti ọ̀rinrin bí tiwa yìí, èròjà náà a sì máa jẹ bàbà. Bàbà sì wà nínú gbogbo kọ́bọ̀ náà. Páálí tí mo jù nù kì í ṣe mímọ́ pátápátá, èmi náà mọ̀. Páálí olówó pọ́ọ́kú a máa sọ fàdákà di dúdú bí ọdún bá gorí ọdún. Ṣùgbọ́n ó ti pa owó Bàbá mọ́ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ike mi kò lè pa á mọ́ fún méjì.

Ẹ má sì ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, bí a ti ń fọ idẹ fún ọdún. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn. Awọ tí ó wà lójú owó àtijọ́ ni ó ń dáàbò bò ó. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ dán ti họ ojú rẹ̀, àwọn tí wọ́n mọ iyì rẹ̀ kò sì ní fi ojú kan náà wò ó mọ́. Etí ni kí a máa fi ọwọ́ mú, kì í ṣe ojú. Ibi gbígbẹ, tí ó ga kúrò nílẹ̀, tí ikán kò lè dé, ni kí a gbé e sí. Ìyẹn tó.

Nísinsin yìí, ọ̀rẹ́ mi tí ó jókòó lápá ọ̀tún mi yìí ní ohun tí ó fẹ́ bi mí, mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ti fi bá mi jà díẹ̀ kí a tó wọlé. Ó ní eré òyìnbó ni. Ó ní kí ni ọmọ Áfíríkà fẹ́ fi adé ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe nínú kíláàsì, lẹ́yìn gbogbo òmìnira tí a ti jà fún? Ó tún ní ọmọ tí kò rí owó ra ìwé kò yẹ kí ó máa ra páálí.

Mo gba apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọba nìkan ni ó wà lára owó wa, èmi náà kì bá tí fi í gba àkókò yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959 tí Bánkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí a ń gbìn ti wọ ara owó onírin wa: òwú lára tọ́rọ́, kòkó lára sísì, imọ̀ ọ̀pẹ lára ṣílè, ẹ̀pà lára ṣílè méjì. Òótọ́ ni pé orí Ọbabìnrin ṣì wà ní ojú kejì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, tí pọ́ùn kan di náírà méjì, tí ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ẹ kíyèsí i pé orúkọ tí àwọn òbí wa ń pe owó pẹ́nì ni ìjọba gbé fún owó tuntun, síbẹ̀ kọ́bọ̀ tuntun kì í ṣe kọ́bọ̀ àtijọ́: méjìlá ti àtijọ́ ni ó wà nínú ṣílè, mẹ́wàá péré ni ti tuntun. Ẹ sì tún wo àwòrán tí ó wà lára wọn. Ẹ̀pà ni wọ́n yà sí kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, owó onírin tí ó tóbi jù. Ilé-ìwapo, epo rọ̀bì tí ó wá gbé gbogbo wa wọ inú ayé tuntun, kọ́bọ̀ kan ni wọ́n yà á sí. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ bí wọn yóò ti jà.

Ní 1991, orí Herbert Macaulay dé ara náírà onírin. Ẹ fi màgínẹ́ẹ̀tì kan owó ọdún náà, yóò fà mọ́ ọn, nítorí pé irin ni inú rẹ̀. Ti 1973 kò ní fà. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ngógó pọ̀ tí a lè sọ láti inú ìyàtọ̀ kékeré yìí. Ní 2007 ni àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì tuntun jáde, tí àwọn ọlọ́jà kò sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá mú irú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, ihò mọ́kàndínlógún ni a óò nílò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí bàtà àti síṣọ́ọ̀sì tó láti ṣe é. Ọmọ kankan kò ní ra ohunkóhun.

Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé Alímọ̀ṣọ́ gan-an ni ó yẹ kí a ti ṣe é. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì kan ní Ìkọ̀tún tàbí ní Ẹgbẹ́dá, ẹ óò rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí tirẹ̀ wà ní Onitsha, èyí tí tirẹ̀ wà ní Kánò. Nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ béèrè owó àtijọ́ nílé, ọmọbìnrin kan mú owó fẹ́ẹ́rẹ́ kan wá tí a wé sínú ìwé ìròyìn. Ṣílè Biafra ni, alumíníọ́mù, ti 1969. Ìyá rẹ̀ àgbà ní kí n wò ó, kí n má gbà á, kí n má sì bi ọmọ náà ní ohunkóhun nípa rẹ̀; pé bí mo bá fẹ́ gbọ́, kí n wá sílé. Mo lọ. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti orí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ihò kan wà fún ṣílè náà nínú páálí wa, òfìfo ni, a sì kọ sí ìdí rẹ̀ pé: "Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín."

Kí n má gbàgbé: ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe lu ihò sí ara owó náírà láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Òfin Bánkì Àpapọ̀ ti 2007 ka bíba owó jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì kéré sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ní ti páálí Bàbá, àwa méjèèjì, èmi àti àkọ́bí rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan. Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń kó àwọn kọ́bọ̀ náà lọ sí Ìgándò nínú àpò ìwé. Mo máa ń gbé ọ̀kan sórí tábìlì, n ó sì ka ọdún rẹ̀ sókè. Nígbà mìíràn a ní, "Hẹn-ẹ́n, èyí ni ti Ọ̀tà, ti baba oníkẹ̀kẹ́," n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn a mi orí, n ó sì gbé òmíràn. Mọ́kànlá ni ó ti rántí. Ti 1936 kò tí ì sí nínú wọn.